Bí Ìlara Mojí Ṣe Sọ Mí Di Oníṣẹ́ Íńtánẹ́ẹ̀tì ní Òkìtìpupa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ tí mo ṣe sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tó ń jáde níléèwé lè rí nǹkan kà kí wọ́n tó yan iṣẹ́ tiwọn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mi ò gbọ́. Mojí lẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ó ní ọwọ́ òun dí, kí ẹ máa lọ bá Akin, pé Akin ní àyè, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ẹ rí i báyìí? Kódà ìwé tí mò ń kọ yìí, òun ló fi ta mí lọ́rẹ.

Kò burú. Màá kọ ọ́, màá sì kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí. Mo ti dá ilé-iṣẹ́ mẹ́rin sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú Òkìtìpupa níbí, mo ti fi owó mi ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti dá tiwọn sílẹ̀, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló ń lé Akin sáré láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹ má parọ́ pé ìfẹ́ ìlú ni. Ìlara ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́: kí ẹnì kan péré wo èmi àti Mojí, kó sì yàn mí.

Ìkọ̀yà ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ní igi ọ̀pẹ, Ìyé mi, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe máa ń pe ìyá, ló ń fún epo. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, bàbá mi mú mi wá sí Òkìtìpupa lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù táípù lẹ́bàá títì. Ọ̀gá ni gbogbo ìlú ń pè é, èmi náà ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Lẹ́tà, ìwé ilẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo agbègbè wa. Ti owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, mi ò ní fi yọ yín lẹ́nu. Bàbá mi san án, ó parí.

Ọjọ́ tí mo dé, ọmọbìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò rẹ́rìn-ín, pẹ́ńsùlù wà nínú irun rẹ̀. Mojí nìyẹn. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Etí òkun làwọn òbí rẹ̀ ti wá, ìyá rẹ̀ sì ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà wa. Ọdún kan ni mo fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣáájú mi wọṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá sì rèé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀gá ní, "Akin, Sístà Mojí ni wàá máa pè é."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Ó fi rúlà gbá mi lórí ìka. "Kí lo pè é?"

"Sístà Mojí, sà."

Mojí yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mú un sínú.

Ọ̀gá le. Kì í ṣe irú líle tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní líle, pé ọ̀gá kò jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ fóònù níbi iṣẹ́. Aṣọ ló ń tẹ́ borí ọwọ́ wa kí a má baà rí lẹ́tà tí à ń tẹ̀. Bí o bá ṣi ẹyọ kan nísàlẹ̀ ìwé, wàá tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń ká mi lára jù ni pé kò ní jẹ́ kí ọwọ́ wa kan táípù títí oníbàárà yóò fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Yóò wá yí sí wa: "Ta lẹni tí yóò ka ìwé yìí? Ta lọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn? Orúkọ ta ni yóò wà nísàlẹ̀?" Bí a ò bá mọ̀ ọ́n, a ó tún béèrè lọ́wọ́ oníbàárà lójú gbogbo èèyàn. Èmi tí ọwọ́ mi yá ju ti gbogbo wọn lọ, kí ni mo fẹ́ máa béèrè sí?

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan ti Òde-Irele wá, ó fẹ́ tẹ ìwé ilẹ̀. Kó tó jókòó dáadáa, mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, ìwé náà mọ́ tónítóní. Mojí rọra bi bàbá náà pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ilẹ̀ náà ni?" Bàbá ní rárá o, àwọn mẹ́ta ni, àbúrò òun obìnrin méjì wà níbẹ̀. Ọ̀gá gba ìwé mi, ó fà á ya. Ó ní, "Mojí ní etí. Ìka nìkan ni Akin ní." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun.

Ọjọ́ tí a gba òmìnira iṣẹ́, Ọ̀gá gbàdúrà fún wa, ó gbé táípù tirẹ̀ gan-an, èyí tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbé e fún Mojí. Ó fún mi ní Bíbélì. Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n táípù ni mo fẹ́.

Mojí gba Èkó lọ. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Èmi dúró sílé, mo ń tẹ̀wé, títí kọ̀ǹpútà fi dé tó sọ táípù di irin lásán. Mo kọ́ ọ. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì wá wọ ìlú, èmi ni mo gbé àwo ńlá tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì sórí òrùlé, tí mo to kọ̀ǹpútà mẹ́fà kalẹ̀, tí mo ń pariwo jẹnẹrétọ̀ sí àdúgbò létí láti àárọ̀. Káfé mi ni gbogbo ọmọ tó ṣe ìdánwò àṣewọ yunifásítì ti ń wo èsì wọn. Ìyá ẹlòmíràn á kúnlẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, á máa gbàdúrà kí ojú ewé tó ṣí. Èmi lọba nígbà yẹn. Mojí kò sí nílé, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn.

Fóònù ló pa káfé. Lọ́dún kan, àwọn èèyàn ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, íńtánẹ́ẹ̀tì wà lápò kálukú wọn. Mo ta àwọn àga fún ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mo dá sáìtì kan sílẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ń wá yàrá, ìyẹn ṣe dáadáa, mo sì tà á fún ẹnì kan l'Ákùúrẹ́. Mo tún ṣe áàpù tí wàá fi pe ọ̀kadà láti ilé. Áà! Ọlọ́kadà ìlú wa ń jókòó lábẹ́ igi, o ti rí i láti fèrèsé rẹ, kí ni wàá tún fi áàpù pè é sí? O pariwo, ó dé. Oṣù márùn-ún, ó kú. Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín, mo ń wá òmíràn tí màá ṣe. Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ bá ṣe ló máa kú lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ìgbà náà ni Mojí padà wálé.

Ó gbé ọkọ̀ dúdú kan wá, ó wọ jígí, ilé-iṣẹ́ méjì ló ti dá sílẹ̀ l'Ékòó tó sì ti tà. Ìwé ìròyìn ti gbé àwòrán rẹ̀. Ó lọ kí Ọ̀gá, Ọ̀gá sì dìde fún un. Èmi tí mò ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́, kò dìde fún mi rí! Ó wá ń pè é ní "Ìyá mi, ìyá mi." Mo kúrò níbẹ̀ nítorí ojú mi ti ń pọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ń ṣe. Wọ́n ní ó máa ń lọ sí Igbotako, á jókòó ti àwọn obìnrin níbi tí wọ́n ti ń fún epo, kò ní ṣe nǹkan kan, á kàn máa bá wọn sọ̀rọ̀. Epo! Ọmọ ẹlẹ́ja fẹ́ wá fi epo Ìkálẹ̀ là mọ́ wa lójú! Mo ní kò ṣeé ṣe, èmi ọmọ onígi ọ̀pẹ ni màá kọ́kọ́ ṣe é. Mo gba ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n mọ̀ nípa kíkọ áàpù, a sì kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Epowá ni mo sọ ọ́. Ẹni tó bá wà l'Ékòó á tẹ fóònù rẹ̀, á rí epo àti èkùrọ́ tó wà nílẹ̀ ní Igbotako àti Ìkọ̀yà, á sanwó, ọkọ̀ á wá kó o. Ó dára, ẹ gbà mí gbọ́. Oṣù kìíní, ọkọ̀ mẹ́ta ló wá. Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí, ó ní, "Akin, o gbìyànjú." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo rò pé ó kù díẹ̀ kó wí èyí tó kù, pé mo ju Mojí lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Kí áàpù náà lè yára, oko kan, orúkọ kan, nọ́ńbà fóònù kan ni mo fi sí i. Orúkọ baálé. Gbogbo owó tó bá ti oko náà wá, ti epo, ti èkùrọ́, orí nọ́ńbà baálé ló ń lọ.

Bí ọmọ Ìkálẹ̀ bá wà nínú ẹ̀yin tó ń kà á, ó ti ń gbá orí mú báyìí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin tó ni igi ló ni epo, ṣùgbọ́n obìnrin tó fún epo náà ló ni èkùrọ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Èkùrọ́ làwọn ìyá wa fi ń ra ohun tí bàbá kò rà, òun ni wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé. Òun ni Ìyé fi rán èmi náà! Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mojí ló gba ọpọlọ mi, mi ò rántí nǹkan mìíràn.

Àwọn obìnrin Igbotako kò bá mi jà. Wọn ò tilẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi. Wọ́n kàn dáwọ́ epo fífún dúró ni. Ẹyìn ń jẹrà nínú oko, àwọn ọkọ ń bẹ̀bẹ̀, àwọn obìnrin jókòó síwájú ilé, wọ́n ń di irun ara wọn. Ọkọ̀ ti Èkó wá lófìfo, ó padà lófìfo, àwọn tó ti sanwó ń bú mi lórí fóònù. Nígbà tí Ìkọ̀yà náà dara pọ̀ mọ́ wọn, mo sáré lọ bá Ìyé.

Mo bá a níwájú ilé, ó ń fọ́ èkùrọ́ lórí òkúta. Mo dọ̀bálẹ̀. "Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá àwọn ẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀."

Kò wojú mi. "Èkùrọ́ ta lo kọ orúkọ bàbá rẹ sí?"

"Àṣìṣe ni, Ìyé."

"Àṣìṣe! Ìwọ tí èèpo èkùrọ́ yìí ta sí mi lójú nítorí owó ìwé rẹ!" Ó tún fọ́ ẹyọ kan. "Ọmọ Ìlàjẹ kan wá síbí ṣáájú rẹ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, 'Ìyé, nínú gbogbo ohun tó ti ara ọ̀pẹ wá, èwo ni tiyín?' Akin, ṣé o bi mí bẹ́ẹ̀ rí?"

Ó gbọn èèpo kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Mo ti ní òun ni màá kó tèmi fún."

"Ìyé! Mojí? Ẹ̀yin tí ẹ bí mi?"

"Ó béèrè ni," ni Ìyé wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ padà sí Òkìtìpupa. Mi ò sunkún nítorí Epowá o. Ìyá tó bí mi ló yàn án.

Lọ́jọ́ kejì, Mojí fúnra rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Akin, áàpù rẹ dára, èmi ò lè kọ irú ẹ̀. Jẹ́ ká pa á pọ̀. Bí a bá fi nọ́ńbà àwọn obìnrin síbi èkùrọ́ wọn, wọ́n á padà sídìí iṣẹ́ lọ́la. Mo ti bá wọn sọ ọ́."

Mo ní, "Orúkọ ta ni yóò ṣáájú?"

"Fi tìẹ ṣáájú. Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ mi, ìyẹn ló bà á jẹ́. Ká ní ó jà mí sí i, bóyá ǹ bá gbà. Ohun tí mo fi ayé mi lé, kò tilẹ̀ jọ ọ́ lójú! Mo ní kó jáde. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti Epowá pa, mo ní kí àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa lọ ilé wọn. Àwọn obìnrin Igbotako kọ́ ló pa á. Èmi ni. Mojí lọ wá ẹlòmíràn tó kọ áàpù fún un, kò dára tó tèmi, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní, ó ti dé Òde-Irele, ó ti kọjá ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, mi ò dá nǹkan sílẹ̀ mọ́. Mo ta ilé tí káfé wà tẹ́lẹ̀, mo di ẹni tó ń fowó sí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Ojú mi dá nínú iṣẹ́ yẹn. Mo rí obìnrin kan tó ń fi fóònù kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo rí ọkùnrin kan tó ń wá ọjà fún àwọn alágbẹ̀dẹ, mo gbà wọ́n gbọ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́, wọ́n sì yege. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹnì kan wọlé tọ̀ mí wá tó ní òun fẹ́ gba ọjà èkùrọ́ mọ́ Mojí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo lanu gbà láì béèrè nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ mọ igi ọ̀pẹ yàtọ̀ sí igi àgbọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlẹ̀. Láàárín ìyẹn, Ọ̀gá kú. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́sàn-án tó kẹ́yìn, mo ń retí. Kò sọ ọ́.

Ó wá ku ọmọ mi obìnrin, Fọ́lá, àbígbẹ̀yìn mi. Lóṣù tó kọjá, ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá síwájú mi. Ẹ mọ̀ pé kí pupuru, oúnjẹ tí à ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tó gbẹ, ó gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná, kì í sì í ṣe gbogbo obìnrin tó ń ṣe é ló ní àjà tó dára láti tò ó sí lókè iná, pàápàá lásìkò òjò. Fọ́lá ṣe é kí ẹni tí kò ní àjà fi fóònù rí ẹni tí tirẹ̀ ṣófo, kí wọ́n jọ pín in. Ó rọrùn. Ó dára dé ibi pé mo bínú pé èmi kọ́ ni mo rò ó.

Mo ní, "Èmi ni màá fowó sí i."

Ó pa láptọ́ọ̀pù náà dé. "Rárá, Dádì. Mọ́mì Mojí ni mo fẹ́ lọ bá."

"Kí ló dé? Owó tèmi ń rùn ni?"

"Dádì, ẹ má bínú. Bí iṣẹ́ yìí bá fi lè dára ju gbogbo tiyín lọ, ẹ ò ní dárí jì mí."

Ó tún fi kún un pé Mojí kì í fowó sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ onítọ̀hún dáadáa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mojí sì ti ní ọ̀rọ̀ tèmi nìkan lòun máa gbà.

A lọ ní Sátidé. Fọ́lá jókòó sí pálọ̀, Mojí mú mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní, "Akin, mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n o ò purọ́ nípa iṣẹ́ rí. Ṣé iṣẹ́ ọmọ yìí dára?"

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa ilé-iṣẹ́ tuntun. Kò gba ariwo. O kàn máa ní, "Ó dára, ṣùgbọ́n..." wàá sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fowó sí i á parí èyí tó kù fúnra rẹ̀. "Ṣùgbọ́n" náà ti wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ́, Fọ́lá á padà sọ́dọ̀ mi, yóò di pé èmi ló yàn. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí ọmọ mi nínú pálọ̀ tó ń ká létí aṣọ rẹ̀ tó tún ń tú u.

Mo ní, "Ó dára ju tèmi lọ."

"Ju tèmi ńkọ́?"

"Ó dára ju tìẹ náà lọ."

Mojí bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "Háà! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí o ti ń wá ẹni tó máa jù mí lọ." Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi wá sójú mi, mo ní èéfín ni. Kò sí èéfín kankan níbẹ̀.

Ó wọlé lọ bá Fọ́lá. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí ọmọ mi kígbe ayọ̀. Mojí ní kí wọ́n máa lọ sí Igbotako nísinsìnyí, kí àwọn obìnrin tó ń ṣe pupuru gbọ́ ọ lẹ́nu Fọ́lá gan-an. Wọ́n sáré bọ́ sínú ọkọ̀, Mojí nídìí rẹ̀, Fọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo pátápátá. Fọ́lá juwọ́ sí mi. Mo dúró, mo ń retí kí wọ́n pè mí. Ọkọ̀ gbéra.

Bí ẹ bá ń retí kí n sọ pé ìlara náà ti kúrò lára mi, ẹ máa retí pẹ́. Ẹni méjì ni mò ń jowú báyìí. Mo nawọ́ sí ọlọ́kadà kan, mo gun ẹ̀yìn rẹ̀ tòun ti eékún tó ń dùn mí. Mo ní, "Igbotako! Ọkọ̀ dúdú yẹn, má jẹ̀ẹ́ kó pòórá mọ́ wa lójú."

Ó yíjú wò mí. "Bàbá, ṣé wọ́n jí nǹkan yín gbé ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Sáré."